Oko adìyẹ mi tú, gbèsè wọ̀ mí lọ́rùn, mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́

Àdùkẹ́ Ẹlẹ́yin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Lọ́dún 2022, mo kó ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) adìyẹ ẹlẹ́yin sí oko kan lẹ́yìn Ìkirè. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo yá. Àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún mi, ìjọ kan náà la jọ ń lọ: ọ̀kan ni màmá tó ń ṣáájú wa nínú ẹgbẹ́ akọrin, èkejì ni bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ọkàn mi balẹ̀. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ owó dé níbẹ̀rẹ̀ 2023, tí náírà dàwátì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àwọn tó máa ń wá kó ẹyin lọ́dọ̀ mi ní àwọn oníbàárà àwọn ò rówó mú wá. Ẹyin ń jókòó, ó ń bàjẹ́, adìyẹ ò sì yéé jẹun. Ara ò tíì tù wá tán tí wọ́n fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ni owó àgbàdo àti sóyà bá tún fò sókè. Mo ta gbogbo adìyẹ náà lówó ẹran. Owó tí mo rí níbẹ̀ ò tó ìdajì ohun tí mo jẹ.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ ti ń yọ owó nínú ohun tí àwọn onídùúró mi fi pa mọ́. Bàbá tíṣà yẹn ò bá mi jà rí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Mo gbàdúrà kí n tó dáwọ́ lé iṣẹ́ yẹn, mo gba ààwẹ̀, wòlíì sì sọ fún mi pé ọ̀nà ti là. Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ ni? Lóru, bí oorun bá kọ̀ tí kò kùn mí, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣé ẹnì kan nínú yín ti ṣubú báyìí rí, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò?

Nọ́ọ̀sì Abíọ́lá

Àǹtí Àdùkẹ́, mo fẹ́ mú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ Bíbélì fún yín. Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín lálẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sùn lóru òní. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kọ síbí fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Bí èrò náà bá sì ń padà wá, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú ẹ̀, ilé ìwòsàn Arò náà wà ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ẹni tó ti já sígboro nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní Arò o. Ọlọ́jà ń lọ síbẹ̀, olùkọ́ ń lọ síbẹ̀, wọ́n á rí dókítà, wọ́n á gba oògùn, wọ́n á sì padà sílé wọn. Àìróorunsùn àti ìrònú tí kò dáwọ́ dúró ní ìtọ́jú. Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí ná.

Ajíhìnrere Tósìn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run tó ṣe é fún opó Sáréfátì ò tíì yí padà. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan ló kù nínú ìkòkò rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ kí wọ́n sì kú, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ṣe ti Èlíjà. Ìyẹ̀fun ò tán, òróró ò gbẹ. Ìyókù tó wà lọ́wọ́ yín, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi gbin irúgbìn ìgbàgbọ́ nílé Ọlọ́run. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti máa yí padà nìyẹn.

Alàgbà Ọláòkun

Ajíhìnrere, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé èyí lé ọmọ yìí lórí. Opó méjì tí wòlíì ràn lọ́wọ́ ló wà nínú Ìwé Àwọn Ọba. Ti Sáréfátì, nínú ìwé Kìíní orí 17, ìyàn ló ń bá a jà, a ò gbọ́ pé ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Èkejì tó wà nínú ìwé Kejì orí 4 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti Àdùkẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi gbèsè sílẹ̀, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Nígbà tí òróró kún gbogbo ìkòkò tó yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kí ni Èlíṣà sọ? Ẹ ka ẹsẹ 7. Ó ní kó lọ ta òróró náà, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Wòlíì ò ní kó gbé ìkòkò kan wá fún òun. Ìyókù tó wà lọ́wọ́ Àdùkẹ́, owó bàbá tíṣà yẹn àti ti màmá akọrin ni.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o béèrè bóyá Ọlọ́run ò gbọ́. Mi ò mọ wòlíì tó bá ọ sọ̀rọ̀, mi ò sì ní dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà tó tà kọ́ la fi ń mọ àdúrà tó gbà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn àpọ́sítélì ì bá ti jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà rẹ̀ rárá.

Wá àyè ka Jòhánù orí 18 àti orí 21, kí o kà wọ́n pọ̀ lójú kan. Ní orí 18, òtútù mú, àwọn ìránṣẹ́ dáná èédú nínú àgbàlá olórí àlùfáà, Pétérù bá wọn yáná, ibẹ̀ ló sì ti ń sẹ́ Olúwa rẹ̀. Ní orí 21, wọ́n ti pẹja mọ́jú, nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, iná èédú ni wọ́n bá létí omi, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì sì wà níbẹ̀. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Ẹ̀gbẹ́ irú iná tí Pétérù ti ṣubú ni Jésù tún ti bá a sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ àkùkọ. Ó ní kí wọ́n wá jẹun ná. Ẹ̀yìn oúnjẹ ló wá bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun, bó sì ti ń dáhùn ló ń gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ pé kó máa bọ́ àgùntàn òun. Ẹni tó bá ń sá fún àwọn tó ṣubú lójú wọn, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í tètè rọ́nà padà. Múra ní Sunday yìí, kí o lọ jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí.

Àlàó Akọ̀wé

Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí, ibi tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó jẹ gbèsè tí wọ́n sì ń fara hàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó dákẹ́ ló ń bí ìgbìmọ̀ nínú. Bí ẹni tó yáwó bá dákẹ́, kò sí ohun tó kù fún ìgbìmọ̀ ju kí wọ́n yíjú sí onídùúró. Àmọ́ bó bá kọ̀wé wá pé òun ò lè san iye tí a jọ sọ, pé iye báyìí lòun lè san, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fi kún oṣù tó máa fi san án, wọ́n á sì rọra dẹwọ́ lórí onídùúró. Ṣé ẹ ti kọ̀wé, Àǹtí?

Alfa Mùráínà

Às-sàlámù àlékùm gbogbo ilé. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀dọ̀ tiwa, torí gbèsè ò mọ ẹ̀sìn.

Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 280, Ọlọ́run sọ fún olówó pé bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá wà nínú ìnira, kó fún un láyè títí ara á fi dẹ̀ ẹ́, bó bá sì fi í tọrẹ pátápátá, ó sàn fún un. Nínú Súrà Táúbà, ẹsẹ 60, níbi tí wọ́n ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà lára wọn. Ẹ rí i pé Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọ rere lè jẹ gbèsè, Ó sì ti pèsè àyè fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a, máa ń wá ìṣọ́rí lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí ìrun kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ń tọrọ ìṣọ́rí lórí gbèsè tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti jẹ gbèsè, bó bá sọ̀rọ̀, á parọ́, bó bá ṣèlérí, á yẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti ń ṣòfò, arábìnrin mi. Adìyẹ tó tán lóko ò lè mú ìgbàgbọ́ yín lọ. “Ẹ padà wá lọ́la,” “Mo ti fẹ́ rí i gbà lọ́wọ́ ẹnì kan,” irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá lè máa sọ òótọ́ nípa owó yìí fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, ẹ ti ń jọ́sìn.

Lékan Aládìyẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Adìyẹ lèmi náà ń sìn. Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Adìyẹ ẹlẹ́yin kan tó ti ń yé ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta á jẹ nǹkan bíi kílò 57. Àpò oúnjẹ jẹ́ kílò 25, ó túmọ̀ sí pé ó ń lọ ju àpò méjì lójoojúmọ́, ẹyin ìbáà tà, kó má tà. Bí ẹ bá sì dín oúnjẹ kù, ẹyin á wálẹ̀, kì í sì í tètè gòkè padà. Lásìkò owó tuntun yẹn, àwọn àgbà oko tí mo mọ̀, tí wọ́n ti ń sin adìyẹ kí n tó dáyé, ta kírétì lówó tí kò tó owó oúnjẹ. Ẹ yéé wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ kiri. Owó ìlú ló yí bìrí.

Lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, àrùn Newcastle wọ oko mi nígbà kan. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo rí i tí ọrùn wọn ń lọ́ sẹ́yìn, ìgbẹ́ wọn aláwọ̀ ewé, òmíràn ń yí po lójú kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oko ti dá páro. Àwọn kan ní ayé ló ṣe mí, kí n wá gba ìtúsílẹ̀. Dókítà ẹran ló bi mí pé níbo ni wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, ṣé inú yìnyín ló wà. Inú báàgì lásán ni ẹni tí mo ra á lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e sí nínú ọkọ̀. Oòrùn ti pa oògùn náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Látìgbà yẹn, mo ṣì ń gbàdúrà kí n tó wọ ilé adìyẹ, ṣùgbọ́n mo ń gbà á bí mo ti ń po Lasota, oògùn àjẹsára Newcastle tí a ń pò sínú omi mímu wọn. Mo máa ń rí i pé omi kànga ni, kì í ṣe omi tó ní kílórínì. Mo máa ń da mílíìkì oníyẹ̀fun sí i kí n tó da oògùn. Àwọn adìyẹ á ti pa òùngbẹ díẹ̀ kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbàdúrà kí aburú má ṣẹlẹ̀, mo sì ń sáré ṣe iṣẹ́. Báyìí, mo gbà pé ojú tí mo là sílẹ̀ wò ó yẹn jẹ́ ara àdúrà.

Ìyá Gbádébọ̀

Lékan, o ṣeun, o mọ iṣẹ́ rẹ. Àmọ́ má kọ́ Àdùkẹ́ pé kò sẹ́bi lọ́rùn òun kó tó lọ bá àwọn tó dúró fún un. Bó bá délé tíṣà, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìjọba àti owó tuntun, ọ̀rọ̀ á bàjẹ́. Ìjọba kọ́ ni bàbá yẹn ṣe onídùúró fún.

Alàgbà, ẹ má bínú sí mi, Sunday kọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ fẹ́ kó wọ inú ìjọ, kí gbogbo ojú yí sí i, kí bàbá tíṣà máa wò ó látọ̀ọ́kán, kó sì máa kọ orin? Kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù yẹn. Ilé ni kó kọ́kọ́ lọ, láàárín ọ̀sẹ̀, nírọ̀lẹ́ tí ara ti balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí. Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ tí mo gbà láwìn ní ọjà Gbági jóná mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ìyá tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀. Mi ò ròyìn iná, ó ti gbọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, iye owó yín tó wà lọ́wọ́ mi nìyí. Mi ò ní i. Mi ò sì sá.” Ìyá náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó tú ìdí gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ní kí n dìde. Ó ní kí n mú ìwé wá ká jọ kọ bí a ṣe máa san án. Mi ò ní purọ́ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Òmíràn bú mi látilẹ̀ délẹ̀ lójú ọjà, ó sì lé ní ọdún kan kó tó máa dáhùn bí mo bá kí i. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ ìyá àkọ́kọ́ yẹn bọ̀ ni mo tó rí àdúrà gbà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kúnlẹ̀, iye owó ni mo máa ń kà.

Ọ̀rọ̀ ikú yá ju ẹ̀sín yẹn, ọmọ mi, má fi gbèsè pa òwe yẹn mọ́. Ta ni yóò san án bí o bá kú? Bàbá tíṣà náà ni. Dìde, jẹun, kí o lọ.

Tóyìn ní Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan tí mo máa ń rántí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1821 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́ tó sì kàwé. Lọ́dún 1841, ó wà lára àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ mẹ́ta gòkè odò Ọya lọ. Ìrìn-àjò yẹn fọ́ yángá. Ibà pa àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ lọ jàra, oko tí wọ́n dá sí Lọ́kọ́ja, wọ́n pa á tì. Àwọn èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní owó àti ẹ̀mí ṣòfò lásán. Inú ìfọ́yángá yẹn gan-an ni wọ́n ti rí Àjàyí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú un wá sí Islington ní Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú èyí tó fọ́ yìí.

Olùkọ́ Ìtàn

Àtúnṣe díẹ̀, Tóyìn. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀. Ìyókù tọ̀nà. Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn parí. Wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, àmọ́ nígbà tó darúgbó, ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere wá tú iṣẹ́ rẹ̀ lórí odò Ọya wò, wọ́n sì tẹ́ ẹ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, wọn ò tíì bẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ èyí torí ẹni tó bá ń retí pé bí òun bá ṣáà gbàgbọ́, ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà, ó lè ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí Crowther dì mú títí dé òpin ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Awo Fákúnlé

Àbọrú bọyè o. Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, èèyàn máa ń sáré fẹ̀sùn kan Orí rẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ifá kọ́ wa pé Orí nìkan ò tó, kò sí orí tó yan ire tí kì í ṣe ẹsẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, ìgbà tí ẹ ti sọ pé ẹ ò lè wọ ilé ẹ̀sìn yín mọ́, ẹsẹ̀ ló dúró, kì í ṣe Orí ló kọ̀ yín. Mo fara mọ́ Ìyá Gbádébọ̀. Ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ lọ sílé tíṣà.

Ajíhìnrere Tósìn

Alàgbà, mo ti ka 2 Ọba orí 4 lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbà pé ẹni tó jẹ gbèsè kọ́kọ́ san gbèsè. Èmi ṣì gbà pé fífúnni nínú àìní ní èrè. Àmọ́ owó ẹlòmíràn kọ́ ni ká fi fúnni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbin irúgbìn kankan báyìí.

Àdùkẹ́ Ẹlẹ́yin

Ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Nọ́ọ̀sì, mo sọ fún àbúrò mi obìnrin, ó ti wá sùn tì mí, a ó jọ lọ rí dókítà. Ìyá, mo lọ. Màmá akọrin ò sí nílé. Bàbá tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo sọ iye owó náà, mo ní mi ò ní i, mo ní mi ò sá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní àwọn rò pé mo ti kó kúrò nílùú ni, pé ìyẹn ló ń dun àwọn ju owó lọ. Wọn ò sọ pé kí n má san án o. Wọ́n ní kí n san án. Mi ò tíì lè sọ pé ìgbàgbọ́ mi ti padà. Ṣùgbọ́n mo gbàdúrà nígbà tí mo délé, mo sì sùn.

Mo ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oúnjẹ adìyẹ, wọ́n máa san owó fún mi ní ìparí oṣù. Bọ̀dá Àlàó, kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà ẹgbẹ́ náà?

Àlàó Akọ̀wé

Ẹ kọ ọ́ sí alága, ẹ fi rán an gba ọwọ́ akọ̀wé. Ẹ kọ iye tí ẹ yá, iye tí ẹ ti san, àti iye tó kù. Ẹ kọ iye tí ẹ lè san lóṣù láti inú owó iṣẹ́ tuntun yìí. Kó jẹ́ iye tó ṣeé ṣe kódà lóṣù tí ọmọ ń ṣàìsàn. Ìgbìmọ̀ fẹ́ràn iye kékeré tó ń wọlé déédéé ju iye ńlá tó ń jáwọ́ lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá yíyọ owó onídùúró dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ máa dá èyí tí wọ́n ti yọ padà fún wọn lẹ́yìn ti ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí bàbá tíṣà ka lẹ́tà náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé fi òǹtẹ̀ lu èyí tí ẹ máa mú padà sílé.